Ọlọ Tí A Gbé Sínú Bàálù

Epo pupa tí wọn kò tíì gbé kaná, òórùn rẹ̀ ni mi ò lè fara dà. Bí mo bá wọ ọjà Mowe, tí mo rí ibi tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì epo sí, ẹ̀yìn àwọn aláṣọ ni mo máa ń gbà kọjá. Àwọn tó mọ̀ mí á máa rẹ́rìn-ín pé onídìrí yìí tún ti ń sá fún epo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ bí epo ṣe ń rí nínú imú àti lábẹ́ èékánná nígbà tí ènìyàn ń fa ọkọ ẹ̀ jáde láàárín irin tó ti wó, tí ọwọ́ ń yọ̀, tí kò sì mọ èwo ni epo, èwo ni ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó pẹ́ tí mo fi ń fọ irun mi kí epo tó tán lórí mi.

A kò tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó nígbà yẹn. Mo ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mowe, ọkọ mi sì ń wa bàálù. Kì í ṣe bàálù ńlá tí ẹ máa ń rí tó ń kọjá lókè orí wa lọ sí Èkó o. Bàálù kékeré ni, ènìyàn mẹ́rin ló lè jókòó sínú ẹ̀, olówó kan tó ní oko ńlá lápá Ifọ̀ ló ni ín. Olówó yìí ní kí wọ́n tún ilẹ̀ gbọọrọ kan ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n sì ń gé e mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ iléèwé. Orí pápá koríko yẹn ni bàálù ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ló ń balẹ̀ sí. Kò sí ọ̀dà, kò sí kọnkéré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń le dáadáa. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọkọ mi kì í fẹ́ sún mọ́ ọn.

Ohun tó gbé èmi dénú bàálù náà kò le. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọjọ́ ìkómọjáde sì ti dé tán. Bàálù ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ lọ sí Ìlọrin kí àwọn mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun mú ìyàwó òun dání, ọ̀gá sì gbà. Háà! Ẹ wá wo èmi. Kò sí orí tí mo dì lọ́sẹ̀ yẹn tí mi ò sọ fún ẹni tó ni ín pé mo ń lọ wọ bàálù. Mo sọ fún àwọn ará Mowe, mo sọ fún àwọn tó wá láti Ibafo wá ṣe irun, mo sọ fún ọlọ́kadà tó gbé mi délé, ẹni tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ra bàtà gogoro pupa, mo ra dígí ojú dúdú. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń múra fún bàálù nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Ifọ̀, ni kò lè lọ. Orúnkún wọn wú, ọ̀nà Ìlọrin sì jìn fún wọn. Nígbà tí ọkọ mi ní kí wọ́n bá wa wọ bàálù, wọ́n pòṣé.

"Èmi? Kí n lọ fi ara mi kọ́ sókè? Ilẹ̀ ò tíì há mọ́ mi."

Àmọ́ bí wọn ò lè lọ, ẹrù wọn gbọ́dọ̀ lọ. Lójú wọn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, tí kò lè lọ fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, ẹrù rẹ̀ ló máa ṣojú fún un nílé àwọn àna. Ẹrù náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn àna máa tú wò tí wọ́n á yínmú. Nígbà tí a dé pápá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ṣáájú wa débẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó wá sìn wá. Wọ́n jókòó sórí àpò gàrí bí ayaba. Iṣu wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa ńlá kan wà níbẹ̀, ìgbín tí wọ́n dì sínú agbọ̀n, ewé àgbo tí wọn yóò fi máa wẹ ọmọ, ọṣẹ dúdú, òrí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọlọ kan, odidi ọlọ tòun ti ọmọ ọlọ, tí wọ́n fi ìró àtijọ́ wé.

Ọkọ mi kó wọn sínú bàálù, ní ìjókòó méjèèjì tó wà lẹ́yìn, àti sí ilẹ̀ níwájú ìjókòó náà. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń kó o ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ẹ̀. Nígbà tó kan ọlọ, ó gbé e sókè, ó tún gbé e kalẹ̀ sórí koríko. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí èyí dúró di ìgbà míì. Òjò ti rọ̀ sílẹ̀ yìí, ẹrù ti pọ̀."

Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n wo àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní, "Ọlọ tí ìyá mi fi lọ ata fún mi nígbà tí mo bí ọ nìyẹn. Orí ẹ̀ ni mo ní kí àbúrò rẹ ti lọ ata tirẹ̀. Bí bàálù yín ò bá lè gbé òkúta kan, kí ló wá lè gbé?"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, ẹ̀rín tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù. Èwo nínú wa ló lè dá ẹrù padà lé ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, níṣojú àwọn ará àdúgbò, ẹrù ọlọ́mọ tuntun? Ọkọ mi tẹ̀ ba, ó gbé ọlọ náà, ó tì í sí ilẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó wa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù. Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, àmọ́ oòrùn yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin tó ń bójú tó oko ti gun ọ̀kadà ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé ìparí, ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ọ̀kadà ò rì. Ẹ máa lọ ní tiyín." Ọkọ mi ò gbà, ó fẹsẹ̀ rìn ín fúnra ẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó padà wá, ó ń họ orí. Ó ní apá ìbẹ̀rẹ̀ le, àmọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì rọ̀ díẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ìkùukùu ti ń kó jọ lápá Òkè-Àrò. Bí a ò bá lọ nígbà yẹn, òjò míì máa rọ̀, ìkómọjáde á sì kọjá. Bí èmi ṣe ń rìn lọ sídìí bàálù, gogoro bàtà mi wọlẹ̀, ó há, ẹsẹ̀ mi jáde nínú ẹ̀. Mo fà á yọ pẹ̀lú ẹrẹ̀, mo sì ń bínú sí koríko náà pé ó ba bàtà tuntun jẹ́. Gbogbo wa la rí bàtà yẹn bó ṣe rì, a sì tún fi ṣe ẹ̀rín.

A wọlé, a di bẹ́líìtì. Mo wọ dígí ojú mi. Ọkọ mi tẹ ẹ́ńjìnnì, gbogbo ara bàálù ń gbọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí ni, pé koríko gbọ́dọ̀ máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ báyẹn. Mo yíjú sí ọkọ mi kí n rẹ́rìn-ín sí i. Kò wò mí. Ojú ẹ̀ wà lára ohun kan bí aago níwájú ẹ̀ tó ń sọ bí a ṣe ń sáré tó, ètè ẹ̀ sì ń mì. "Gbéra. Gbéra. Jọ̀ọ́, gbéra." Ẹrẹ̀ ń ta sára fèrèsé. Kàkà kí eré wa máa pọ̀ sí i, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan di ìrù wa mú.

A gbéra. Mo mọ̀ pé a gbéra, torí ariwo abẹ́ wa dákẹ́ lójijì, inú mi sì fò. Mo pariwo, "Jésù o!" Ayọ̀ ni mo fi pè é. Àmọ́ a ò ga tó òrùlé ilé. Bàálù náà mì tìtì, ó jókòó padà, táyà tún fọwọ́ ba ẹrẹ̀, pápá sì ti tán níwájú. Ebè ẹ̀gẹ́ ló kù, àti kòtò tí omi ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọkọ mi na ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó fi dí mi láyà, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó jókòó níwájú. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni láìsunkún.

Nígbà tí mo lajú, imú bàálù ti wọlẹ̀, ìrù ẹ̀ wà lókè, bẹ́líìtì ló so mí rọ̀. Gbogbo ẹrù tó wà lẹ́yìn ti wá síwájú. Iṣu wà lọ́rùn ọkọ mi, àpò gàrí ti bẹ́, ó dojú bò ó lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì epo sì ti là, ó ń ṣàn lé e lórí àti lé èmi náà. Mo rí pupa lójú ẹ̀, mo rí pupa láyà ẹ̀, mo rí pupa lọ́wọ́ ara mi. Mo ké. Òórùn epo pupa ni, àmọ́ òórùn míì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òórùn bẹntiróòlù. Ó ń jò. A ń gbọ́ bó ṣe ń kán.

Ọkọ mi ní, "Jáde."

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣí fúnra ẹ̀. Mo lè jáde lóòótọ́. Èjìká mi ti yẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣu kúrò lọ́rùn ẹ̀, mo ń jù ú síta.

"Ìyàwó mi, epo ń jò. Ẹsẹ̀ mi há. Jáde, mo ní kó o jáde!"

Mo ní kó lọ pariwo mọ́ ẹlòmíì.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù lọ nìyí: lẹ́yìn kòtò yẹn, abà àwọn obìnrin tó ń yan gàrí wà níbẹ̀. Láti ibi tí mo wà, mo ń rí iná lábẹ́ agbada wọn, mo ń rí èéfín tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo yọ orí síta, mo figbe ta, "Ẹ pa iná! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yín!" Ọlọ́run bù kún àwọn obìnrin yẹn. Wọn ò béèrè ìdí. Wọ́n da omi sí gbogbo iná, wọ́n da omi ẹ̀gẹ́ náà sí i, gàrí ọjọ́ yẹn ṣòfò, wọ́n sì sáré gba àárín ebè wá bá wa.

Wọ́n di apá ọkọ mi mú, wọ́n fà á. Ọwọ́ wọn yọ̀. Wọ́n tún fà á, ọwọ́ tún yọ̀. Epo ti bò ó láti orí dé ìbàdí, ó ń bọ́ mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹja. Ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń pe Allah, èmi ń pe orúkọ ọkọ mi. Ojú ẹ̀ ti ń yí. Mo gbá a létí, mo ní kó má sùn. Mi ò tíì gbá a létí rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi dé. Bí wọ́n ṣe fi orúnkún wíwú yẹn sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá, mi ò mọ̀. Gèlè ti bọ́ lórí wọn. Wọ́n ń pe oríkì ọmọ wọn, "Àkànbí! Àkànbí ọkọ mi!" Wọ́n gorí apá bàálù, wọ́n ti àwọn tó wà níwájú kúrò, wọ́n gbá ọmọ wọn mú, ọwọ́ tiwọn náà yọ̀. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò gàrí tó ti bẹ́, wọ́n bù ú, wọ́n dà á sí ọmọ wọn lápá àti lábíyá, wọ́n fi ra ọwọ́ ara wọn, wọ́n kígbe pé kí gbogbo ènìyàn bu gàrí. Gàrí mu epo, ó dì, ọwọ́ wá rí nǹkan dì mú.

Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún há. Mo ki ọwọ́ sísàlẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, mo ń táràrà. Ọwọ́ mi kan òkúta. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọlọ ni. Ó ti yọ̀ gba àárín ìjókòó wa kọjá, ó sì fún ẹsẹ̀ ọkọ mi mọ́ irin. Mo fẹ̀yìn ti ìjókòó, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tì í, mo tì í, mo tì í, mo ń sunkún, mo sì ń bú òkúta náà bí ẹni ń bú ènìyàn. Ó yí. Ọkọ mi ké igbe kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. Ìyá ẹ̀ àti àwọn obìnrin yẹn fà á yọ, wọ́n gbé e kọjá ebè, èmi náà wọ́ ara mi jáde tẹ̀lé wọn. Bàálù náà ò jóná. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí kò fi jó.

Mọ́tò oko ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́yìn lórí irin, orí ọmọ wọn wà lórí itan wọn. Nígbà tí a dé ibi tí ojú irin ti gba títì kọjá, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, wọ́n dá gbogbo mọ́tò dúró. A dúró. Ọkọ̀ náà gùn bí ẹni pé kò ní tán. Mo ń lu ara mọ́tò, mo ń bẹ àwọn tí kò lè ṣe nǹkan kan fún mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń fi ìró nu ọmọ wọn, tí wọ́n á fi ìka kan ibi tó pupa, tí wọ́n á fi ìka náà kan ahọ́n. Wọ́n ń tọ́ ọ wò, kí wọ́n lè mọ èwo ni epo àti èwo ni ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fi ìró wọn so ó pinpin.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ọkọ mi yè. Mo dúpẹ́, mo sì bínú, mi ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ìyá ẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bi í, "Ṣé ẹrù mi ni?"

Ọkọ mi ní, "Ilẹ̀ ló rọ̀, Màámi."

Àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ọkọ mi ní kí n mú ìyá òun jáde lọ ra omi fún òun. Ó padà sọ fún mi pé òun sọ òótọ́ fún wọn: ilẹ̀ rọ̀, ẹrù sì pọ̀ jù, òun ni awakọ̀, òun ló yẹ kó sọ pé rárá. Nígbà tí èmi àti ìyá ẹ̀ padà dé, àwọn èèyàn náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ń ṣàlàyé fún èkejì nípa òkúta kan tí wọ́n rí nínú bàálù. Ìyá ọkọ mi kọjá lára wọn wọlé. Wọ́n fún ọkọ mi ní omi.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi ò di ẹrù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gbọ́ mi yé o: obìnrin tí kì í jẹ́ kí oníwàásù tó wá kanlẹ̀kùn lọ láìfún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọmọ wọn ti Ìlọrin wá, ọwọ́ òfo ló bá padà. A bímọ, wọ́n wá wẹ̀ ẹ́, wọn ò gbé ọṣẹ pàápàá dání. Bí a bá ń lọ láti Ifọ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ká ọwọ́ láyà, wọ́n á ní, "Ẹ rọra o." Inú mi máa ń bà jẹ́ débi pé mo máa ń yára wọ mọ́tò kí n má bàa wo ọwọ́ wọn. Ọlọ náà wà lẹ́yìnkùlé wọn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ oko jù ú sí, wọ́n dojú ẹ̀ dé ilẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ kí wọn. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, ọkọ mi ò wọ mọ́tò. Ó fi ọ̀pá ẹ̀ tilẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró lórí ọlọ náà. Ó ní, "Màámi, mo fẹ́ gbé èyí lọ sí Mowe. Ata tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì lọ̀ ti sú mi."

"Òkúta burúkú yẹn? Tó jẹ ẹsẹ̀ rẹ?"

"Kò jẹ ẹsẹ̀ mi. Mi ò sì ní lọ lọ́wọ́ òfo lónìí. Bẹ́ẹ bá fẹ́, ká jọ sùn síbí."

Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé kí n pọn omi wá. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n yí ọlọ náà padà, wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n ń da omi sí i lára díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Wọ́n ń sunkún, wọn ò sì fi pa mọ́. Èmi ni mo gbé e sínú mọ́tò. Wọ́n tẹ̀lé mi, wọ́n fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ní, "Ṣé kò wúwo jù?"

Ọkọ mi ní, "Kò wúwo, Màámi. Ẹ fi iṣu kún un."

Orí ọlọ náà ni mo ti lọ ata láàárọ̀ yìí. Èjìká mi máa ń dùn mí bí mo bá ń lọ̀ ọ́, àmọ́ ata náà kúnná, ọkọ mi á sì fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ láti pálọ̀ pé òórùn ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ òun. Òróró ni mo fi dín in. Epo pupa, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa sá fún un díẹ̀ sí i.